Ẹ̀rọ agékoríko tó ń rú èéfín tó sì ń kú lójú iṣẹ́: ẹ gbọ́ òórùn ọ́ìlì rẹ̀ kí ẹ tó tú u

Ìbéèrè: Ọ̀gá mi, ẹ kú iṣẹ́. Ilé ẹ̀kọ́ wa lápá Ọbá-Ilé, ní Àkúrẹ́, ní ẹ̀rọ agékoríko kan tí à ń jókòó lé wà. Tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà ni, sílíńdà kan ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ní, ó sì ti lo ọdún mẹ́sàn-án lọ́wọ́ wa. Láti ìgbà tí òjò ọdún yìí ti bẹ̀rẹ̀ ni ó ti ń rú èéfín funfun tó ní àwọ̀ aró nínú nígbà tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣíná fún un, tó bá sì ti ṣiṣẹ́ tó nǹkan bí ìṣẹ́jú 20, á kàn kú. Bí a bá fi í sílẹ̀ fún ìdajì wákàtí, á tún dìde. Mákáníìkì tó ń bá wa tún jẹnẹrétọ̀ ṣe ní ríìnì ti jẹ, pé kí a wá ẹ́ńjìnnì mìíràn rà. Owó náà kò sí nílẹ̀. Kí ni kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì ra ẹ́ńjìnnì. N kò rí ẹ̀rọ yín, n kò sì ní sọ pé mákáníìkì yín kò mọṣẹ́, ṣùgbọ́n ohun tí ẹ kọ kò bá ẹjọ́ tó dá mu. Àìsàn méjì ni ẹ kà sílẹ̀: èéfín tó ń jáde nígbà tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣíná, àti kíkú tó ń kú nígbà tí ara rẹ̀ bá ti gbóná. Ríìnì tó jẹ lè fa ti àkọ́kọ́, nítorí ríìnì ni ó ń nu ọ́ìlì kúrò lára ògiri sílíńdà kí ó má baà gòkè lọ síbi tí iná ti ń jó. Ṣùgbọ́n ríìnì tó jẹ kì í sinmi ìdajì wákàtí kí ó wá sàn. Ẹ́ńjìnnì tó ń kú tó sì ń jí lẹ́yìn ìsinmi, ọ̀nà tí epo ń gbà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ tàbí iná púlọ́ọ̀gì rẹ̀ ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ fura sí. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a ya ọ̀rọ̀ méjèèjì sọ́tọ̀, kí a má baà gbé ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀kan lé èkejì lórí.

Ẹni tó ń bu epo sí ẹ̀rọ náà ni mo máa kọ́kọ́ bi léèrè ọ̀rọ̀. Bí ilé ẹ̀kọ́ yín bá tún ní ẹ̀rọ ìgékoríko tí wọ́n ń gbé kọ́ èjìká, ẹ mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú ìyẹn ni a ń po ọ́ìlì mọ́ bẹntiróòlù wọn, gẹ́gẹ́ bí a ti ń ṣe fún jẹnẹrétọ̀ kékeré inú ilé. Bí kẹ́ẹ̀gì kan náà bá ń bọ́ ẹ̀rọ méjèèjì, èéfín aláwọ̀ aró ni ẹ ó máa rí láìjẹ́ pé ohunkóhun bàjẹ́. Ẹ̀rọ àjókòólé yìí ní ilé ọ́ìlì tirẹ̀ lọ́tọ̀. Bẹntiróòlù lásán ni ó ń mu. Ká ní èéfín dúdú ni ẹ kọ̀wé nípa rẹ̀ ni, fílítà afẹ́fẹ́ àti ṣọ́kì, ìyẹn ohun tó ń dí afẹ́fẹ́ díẹ̀ nígbà tí a bá ń ṣíná, ni ǹ bá rán yín lọ, nítorí ìyẹn túmọ̀ sí pé epo pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ. Ti yín kò dúdú. Ọ́ìlì ni ó ń jó, ìbéèrè tó kù ni ibi tí ó gbà wọlé.

Ní òwúrọ̀, kí ẹnikẹ́ni tó ṣíná, ẹ gbé ẹ̀rọ náà sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ẹ fa ọ̀pá géèjì yọ, ẹ nù ún, ẹ tì í bọlẹ̀ padà, ẹ tún fà á yọ, kí ẹ wo ibi tí ọ́ìlì dé, kí ẹ sì gbé e sún mọ́ imú. Bí ọ́ìlì bá ti ga ju àmì òkè lọ láìjẹ́ pé ẹnì kan bù ú sí i, tó ń ṣàn bí omi, tó sì ń rùn bí bẹntiróòlù, ọwọ́ ti ba olórí ọ̀ràn náà. Kábúrétọ̀, ibi tí epo ti ń pò mọ́ afẹ́fẹ́ kí ó tó wọ sílíńdà, ni ó ń jò. Abẹ́rẹ́ kékeré kan wà nínú rẹ̀, tí ohun kan tó léfòó lórí epo máa ń tì sókè láti dí ẹnu ọ̀nà nígbà tí abọ́ kábúrétọ̀ bá kún. Bí abẹ́rẹ́ náà bá jẹ, tàbí tí ìdọ̀tí há sí ẹnu rẹ̀, epo inú táńkì á máa ṣàn wọlé ní gbogbo òru, á wọ sílíńdà, á gba ẹ̀gbẹ́ písítìnì kọjá, á sì bọ́ sínú ọ́ìlì. Ẹ ní láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀ ni, gbólóhùn yẹn gan-an ni ó fa ọkàn mi síbẹ̀. Bí a bá pa ẹ̀rọ tì láti Oṣù Kọkànlá títí di Oṣù Kẹta pẹ̀lú epo nínú rẹ̀, bẹntiróòlù inú kábúrétọ̀ á gbẹ, á sì fi ohun kan tó lẹ̀ bí oje igi sílẹ̀, abẹ́rẹ́ náà kò sì ní lè jókòó dáadáa mọ́. Àmọ́ bí táńkì yín bá wà nísàlẹ̀ ju kábúrétọ̀ lọ, epo kò lè ṣàn gòkè fúnra rẹ̀. Nígbà náà, pọ́ǹpù kékeré tó ń fa epo ni kí ẹ yẹ̀ wò, nítorí bí awọ inú rẹ̀ bá ya, epo lè gba inú rọ́bà tó so pọ́ǹpù náà mọ́ ilé ọ́ìlì wọlé.

Ẹ má ṣe ṣíná fún ẹ̀rọ tó wà nírú ipò yìí, ì báà jẹ́ fún ìṣẹ́jú kan péré. Ọ́ìlì tí bẹntiróòlù ti là kò lè dáàbò bo irin mọ́, èéfín tó ń fẹ́ jáde nínú ilé ọ́ìlì sì lè gbiná. Bí kọ́kọ́rọ́ bá yí tí ẹ́ńjìnnì sì há gírígírí, ó ṣeé ṣe kí epo ti kún orí písítìnì, kí ẹ má fi agbára mú un. Ẹ da ọ́ìlì náà nù sínú kẹ́ẹ̀gì, kì í ṣe sínú gọ́tà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fọ kábúrétọ̀, kí wọ́n pààrọ̀ abẹ́rẹ́ náà àti ìjókòó rẹ̀, kí wọ́n sì so kọ́ọ̀kì kékeré kan mọ́ rọ́bà epo, èyí tí ẹ ó máa tì nígbàkígbà tí iṣẹ́ bá parí. Ọ́ìlì SAE 30 bá ooru ìlú wa mu fún irú ẹ́ńjìnnì yìí. Àwa tí ọwọ́ wa ti mọ́ ọkọ̀ máa ń ra gálọ́ọ̀nù lítà mẹ́rin, a ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í dà á títí ọkàn wa yóò fi balẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì sílíńdà kan irú èyí kì í gbà ju nǹkan bíi lítà kan ààbọ̀ lọ. Ọ́ìlì tó pọ̀ jù nìkan tó láti mú ẹ̀rọ rú èéfín. Bákan náà ni bí wọ́n bá fi ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ náà lélẹ̀ láti fọ abẹ́ rẹ̀. Èéfín ìyẹn a máa tán fúnra rẹ̀ láìpẹ́.

Bí ọ́ìlì kò bá rùn, tí kò sì pọ̀ jù, tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì, èyí tó wà láàárín sílíńdà àti orí rẹ̀, ni mo máa fura sí kí n tó dárúkọ ríìnì. Nínú àwọn ẹ́ńjìnnì sílíńdà kan tí fáfù wọn wà lórí, ibì kan wà tí gásíkẹ́ẹ̀tì náà ti tẹ́ẹ́rẹ́ púpọ̀, láàárín sílíńdà àti ihò tí ọ̀pá tó ń ti fáfù gbà kọjá. Ibẹ̀ ni ó ti sábà máa ń fẹ́. Kò ní jò síta, ẹ kò ní gbọ́ ariwo, ṣùgbọ́n agbára tó yẹ kó ti písítìnì á máa ya wọ ilé ọ́ìlì, ọ̀nà ìmí ẹ́ńjìnnì kò ní lè kápá rẹ̀, ọ́ìlì á sì máa tú sínú ilé fílítà afẹ́fẹ́, ibẹ̀ ni kábúrétọ̀ ti ń fà á lọ jó. Bí ẹ bá ṣí ilé fílítà tí ẹ rí ọ́ìlì tó rin ín, ẹ rántí ọ̀rọ̀ yìí. Ohun tó máa ń fa fífẹ́ náà ni ooru àpọ̀jù, ohun tó sì máa ń fa ooru náà ni koríko gbígbẹ tó dí àárín àwọn ìyẹ́ irin tó yí sílíńdà ká, lábẹ́ ìdérí tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá. Ẹ ṣí ìdérí yẹn. Lẹ́yìn ọdún mẹ́sàn-án, bóyá ẹ ó bá ilé eku níbẹ̀. Gásíkẹ́ẹ̀tì kò wọ́n bí ẹ́ńjìnnì, ṣùgbọ́n ẹni tó máa pààrọ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ fi irin títọ́ wò bóyá orí sílíńdà ṣì tẹ́jú, kí ó sì fi sípánà tó ń wọn agbára mú àwọn bóòtù rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ní ìdábùú ara wọn.

Ó wá ku kíkú lẹ́yìn ìṣẹ́jú 20. Nígbà tí ó bá tún kú, kí ẹ tó ṣe ohunkóhun, ẹ tú ìdérí táńkì, kí ẹ sì fetí sílẹ̀. Bí ẹ bá gbọ́ tí ó fa afẹ́fẹ́ wọlé fìì, tí ẹ́ńjìnnì sì dìde lójú ẹsẹ̀, ihò ìmí tó wà lára ìdérí náà ni ó dí: bí epo ti ń lọ, afẹ́fẹ́ kò rọ́pò rẹ̀, epo kò sì lè ṣàn mọ́. Ìtìjú rẹ̀ kò tíì tán lára mi, nítorí ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo tú kábúrétọ̀ ẹ̀rọ ìjọ kan lójú ọ̀nà Ondó kí n tó rí i pé agbọ́n tó ń fi amọ̀ kọ́lé ti dí ihò ìdérí táńkì wọn pa. Bí ìdérí kò bá jẹ̀bi, ẹ pààrọ̀ fílítà epo, kò wọ́n.

Bí epo bá ń dé dáadáa, ó kan kọ́ìlì, ohun tó ń fún púlọ́ọ̀gì ní iná. Kọ́ìlì tó ti gbó a máa ṣiṣẹ́ nígbà tí ó tutù, a sì máa dákẹ́ nígbà tí ó bá gbóná, èyí bá ìtàn yín mu gan-an. Lójú ẹsẹ̀ tí ẹ̀rọ bá kú, ẹ fa wáyà púlọ́ọ̀gì kúrò, ẹ fi bọ púlọ́ọ̀gì mìíràn, ẹ fi ara irin rẹ̀ kan ara ẹ́ńjìnnì, kí ẹnì kan jókòó sórí àga rẹ̀ kí ó sì yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ jẹ́ kí púlọ́ọ̀gì ti tẹ́lẹ̀ wà ní ihò rẹ̀, kí èéfín epo má baà jáde bá iná. Bí iná kò bá tàn, ẹ má tíì dá kọ́ìlì lẹ́bi. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tó lọ sídìí rẹ̀, òun ni ó ń pa iná nígbà tí ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́ padà tàbí tí ẹ bá dìde lórí ìjókòó. Bí eku bá ti jẹ rọ́bà ara rẹ̀, tí ó sì ń kan irin, ẹ́ńjìnnì á máa kú bí ẹni tí wọ́n yí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Ẹ já wáyà náà kúrò lára kọ́ìlì, ẹ tún iná wò: bí ó bá tàn, ọ̀dọ̀ wáyà náà ni ẹ̀bi wà, bí kò bá tàn, kọ́ìlì ni.

Lẹ́yìn gbogbo èyí ni kí a tó kan ríìnì. Kí mákáníìkì yín fi géèjì wọn agbára sílíńdà, kí ó da ọ́ìlì ṣíbí kékeré kan sínú ihò púlọ́ọ̀gì, kí ó sì tún un wọ̀n. Kí ó má fi nọ́ńbà àkọ́kọ́ nìkan dájọ́, nítorí ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì yìí ní ohun kan tó máa ń ṣí fáfù díẹ̀ nígbà tí a bá ń ṣíná kí ẹ́ńjìnnì lè rọrùn yí, nítorí náà bí ríìnì bá tilẹ̀ dára, nọ́ńbà rẹ̀ á kéré. Bí ti ẹ̀ẹ̀kejì bá ga sókè gan-an ju ti àkọ́kọ́ lọ, a jẹ́ pé òótọ́ ni ó sọ, kí ẹ pè é padà kí ẹ jọ sọ̀rọ̀ owó.