Jẹjẹrẹ tí wọn ò rí ibi tó ti ṣẹ̀: ẹ béèrè ẹran tí wọ́n gé (block) ná

Ẹ kú ìnira o, ará wa. Mo ka ohun tẹ́ ẹ kọ nípa bàbá yín lẹ́ẹ̀mejì: kókó nínú ẹ̀dọ̀, òmíràn nínú eegun ẹ̀yìn, èsì biopsy, ẹran díẹ̀ tí wọ́n gé yẹ̀ wò, ní jẹjẹrẹ tó ti ràn ni, “primary unknown”, wọn ò mọ ibi tó ti ṣẹ̀. Dókítà fẹ́ bẹ̀rẹ̀ chemo, oògùn tó ń pa jẹjẹrẹ, ẹ̀gbọ́n yín ní àfi kí ẹ kọ́kọ́ gbé wọn lọ sí India kí wọ́n lọ wá ibi tó ti ṣẹ̀. Ọ̀rọ̀ India yẹn ló lé oorun lójú mi, torí àwa náà wá tiwa. Oṣù mẹ́rin gbáko la fi wá a.

Màmá mi ni. Kókó kan bí ẹyin àparò lábẹ́ abíyá òsì, kò sì dùn wọ́n. Wọ́n gé díẹ̀ níbẹ̀, èsì ní adenocarcinoma, oríṣi jẹjẹrẹ kan tó lè ti inú oríṣiríṣi ẹ̀yà ara wá. Wọ́n yẹ ọmú wò, ọmú mọ́ tónítóní. Dókítà wa ò tiẹ̀ gbójú sókè nínú fáìlì, ó ní ká lọ ṣe scan ikùn. Ikùn mọ́. Ó ní kí wọ́n ki kámẹ́rà bọ ọ̀nà ọ̀fun. Ó mọ́. Ó tún ní kí wọ́n ki í gba ìdí. Obìnrin tí inú ò run, tí kò yàgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ rí! Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé ìlànà tí NICE, àjọ tó ń ṣe ìlànà ìtọ́jú nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé jáde ní 2010 ti sọ ọ́ pé wọn ò gbọdọ̀ máa ki kámẹ́rà bọ ẹni tí kò sí ohunkóhun tó tọ́ka sí inú tàbí ìfun. Owó tá a ná síbẹ̀, ẹ jẹ́ n fi sílẹ̀.

Ohun tó túmọ̀ sí nìyí. Jẹjẹrẹ tó bá kúrò níbì kan lọ sí ẹ̀dọ̀ kì í di jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀. Bí ọmọ Ọ̀yọ́ tó ṣí lọ sí Kánò ni, ilà ojú rẹ̀ bá a lọ. Nígbà míì, èyí tó kọ́kọ́ yọ kéré débi pé scan ò lè rí i, tàbí kí ara ti pa á rẹ́. Àwọn kan wà tí wọ́n yẹ òkú wọn wò tí wọn ò rí i síbẹ̀. Nítorí náà, tí dókítà yín bá ní òun ò mọ̀, kì í ṣe àìmọ̀ṣẹ́. Àìmọ̀ṣẹ́ ni kó má bi ẹran tó gé léèrè.

Ẹran yẹn ló ń sọ̀rọ̀. Wọ́n máa ń kán oríṣiríṣi aró sí i, immunohistochemistry lorúkọ ẹ̀, láti fi ka ilà ojú rẹ̀: TTF-1 sábà máa ń tọ́ka sí ẹ̀dọ̀fóró, CDX2 sí ìfun, ER sí ọmú. Kò sẹ́ni tó sọ fún wa. Nígbà tí mo gbọ́, mo lọ béèrè block, ìyẹn ẹran tí wọ́n rì sínú ìda bí àbẹ́là, tí kò tó páálí ìṣáná. Ọ̀gá láàbù ní kò sí. Mo lọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Nígbà kẹrin, ọmọbìnrin tó ń gbálẹ̀ ló yọ́ sọ fún mi pé, “Àǹtí, ẹ wo inú páálí Indomie yẹn.” Ibẹ̀ ló wà, láàárín tàwọn ẹlòmíì. Mo gbé e wọ Micra, mo wọkọ̀ lọ sí Èkó, mo dì í mọ́ra bí ọmọ tuntun.

Láàbù Èkó ní ó ti bàjẹ́, aró ò mú un. Omi iyọ̀ ni wọ́n rẹ ẹ́ sí ní tíátà dípò fọ́máàlìn tí kì í jẹ́ kí ẹran bàjẹ́, láti ọjọ́ Ẹtì di Ajé! Wọ́n tún gé màmá mi lẹ́ẹ̀kejì. Lọ́tẹ̀ yìí, èmi ni mo ra fọ́máàlìn, èmi ni mo dúró lẹ́nu ọ̀nà tíátà, mo sì mọ̀ pé òun ni torí ó ta mí lójú. ER jáde. Gbogbo ayé oníṣègùn ló ti mọ̀ pé obìnrin tí adenocarcinoma bá yọ sí abíyá nìkan, bíi ti ọmú ni wọ́n máa ń tọ́jú rẹ̀, ọmú ì báà mọ́. Màmá mi ṣì wà láyé, wọ́n ń lo oògùn wọn.

Àmọ́ mi ò ní tàn yín. Ti bàbá yín kì í ṣe irú ti màmá mi. Àwọn tó bá bọ́ sí irú ọ̀nà tó já gaara bẹ́ẹ̀ kò pọ̀, nǹkan bí ẹni kan nínú márùn-ún. Fún àwọn yòókù, chemo gbogbogbòò ni, carboplatin pẹ̀lú paclitaxel lọ́pọ̀ ìgbà, ohun tí wọ́n sì ń wá ni àfikún ọjọ́ àti ìrọ̀rùn. Ẹ ní kí dókítà sọ ọ́ báyẹn fún yín, kó má fi Gẹ̀ẹ́sì bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ bi í bóyá wọ́n ti yẹ PSA wò nínú ẹ̀jẹ̀, èròjà tí prostate, ẹ̀yà ara ọkùnrin tó wà nísàlẹ̀ àpò ìtọ̀, máa ń tú jáde, torí ọkùnrin ni, ó sì wà nínú eegun. Tí ìyẹn bá ga, ọ̀rọ̀ yí padà nìyẹn, oògùn prostate yàtọ̀ pátápátá.

Kókó inú eegun ẹ̀yìn yẹn ń bà mí lẹ́rù ju India lọ. Tí ẹsẹ̀ wọn bá ń kú tìpìrì, tàbí tí wọn ò lè tọ̀, ọsibítù lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ má dúró de ilẹ̀ mọ́. Ẹ má sì gba àgbo “ẹ̀dọ̀” lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tí chemo bá ti bẹ̀rẹ̀. Tí wọ́n bá kọ mọ́fíìnì, oògùn ìrora tó lágbára, ẹ fún bàbá, pẹ̀lú oògùn ìyàgbẹ́. Ẹ̀gbọ́n màmá mi fi tiwa pamọ́ fún ọjọ́ méjì, ó ní ti ẹni tó ń kú lọ ni. Ọjọ́ méjì tí màmá mi fi ń ké nìyẹn.

India: mi ò ní kẹ́ ẹ má lọ. Block lè lọ láìgbé bàbá. Nọ́ńbà rẹ̀ wà lórí èsì biopsy tó wà lọ́wọ́ yín, ẹ yà á ní fọ́tò lálẹ́ òní, kẹ́ ẹ sì wà ní láàbù yẹn láàárọ̀ ọ̀la.