Ẹ̀jẹ̀ ń tẹ̀lé ìgbẹ́ mi: àgbo jẹ̀díjẹ̀dí wo ló lágbára jù?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, dókítà. Awakọ̀ akérò ni mí, ọmọ ọdún 46. Ó ti tó oṣù mélòó kan tí ẹ̀jẹ̀ ti ń tẹ̀lé ìgbẹ́ mi. Mo ti jáwọ́ nínú ṣúgà àti mínírà, mo sì ń mu àgbo jẹ̀díjẹ̀dí láràárọ̀. Ó máa ń dá a dúró, ṣùgbọ́n á tún padà wá. Èyí tí wọ́n fi omi sè àti èyí tí wọ́n fi ọtí rẹ, èwo ló lágbára jù? Ẹnì kan ní kí n lọ ṣe kámẹ́rà ìdí, ṣùgbọ́n ẹ̀rù iṣẹ́ abẹ ń bà mí. (Awakọ̀, Ògbómọ̀ṣọ́)

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ọ̀nà, ẹ̀gbọ́n. N kò ní bá yín yan nínú àgbo méjèèjì. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni pé ta ló wò yín tó fi sọ pé jẹ̀díjẹ̀dí ni? Ẹni tó ta àgbo kò wo ìdí yín. Ẹni tó júwe rẹ̀ fún yín ní gáréèjì náà kò wò ó.

Ẹ jẹ́ ká tètè gbé ọ̀rọ̀ ṣúgà kúrò nílẹ̀. Ṣúgà kì í fa jẹ̀díjẹ̀dí. Gbogbo wa la bí mọ́ àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tó wà lójú ihò ìdí, wọ́n dà bí tìmùtìmù, àwọn ló ń bá wa pa ibẹ̀ dé kí nǹkan má bàa jò. Bí wọ́n bá wú tí wọ́n sì yọ̀ wálẹ̀ ni wàhálà dé. Ìgbẹ́ líle, fífi ipá yàgbẹ́, oyún, àti jíjókòó pẹ́ nílé ìgbọ̀nsẹ̀ ló sábà máa ń fà á. (Ẹ̀yin tí ẹ ń mú fóònù wọbẹ̀, ẹ ń gbọ́ o.) Ẹ lè dín ṣúgà kù nítorí eyín yín.

Gbólóhùn tó bà mí lẹ́rù jù nínú lẹ́tà yín ni “ó máa ń dá a dúró.” Ẹ̀jẹ̀ jẹ̀díjẹ̀dí a máa wá, a sì máa lọ fúnra rẹ̀. Ẹ mu àgbo o, ẹ má mu o, yóò ṣàn fún ọjọ́ mélòó kan, yóò dáwọ́ dúró. Àgbo tí ẹ bá ń mu lásìkò tó fẹ́ dúró ni yóò gba ọpẹ́. Lóòótọ́, ewé tó ń múni yàgbẹ́ máa ń wà nínú rẹ̀, ìgbẹ́ á rọ̀, ìdí á fúyẹ́. N kò jiyàn ìyẹn. Ṣùgbọ́n jẹjẹrẹ ìfun ńlá náà kì í ṣẹ̀jẹ̀ lójoojúmọ́. Òun náà ń ṣàn, ó ń dúró. Ẹni tó ní in á mu àgbo, á rí i pé ẹ̀jẹ̀ dúró, á máa jẹ́rìí kiri, á tún ra ìgò mìíràn, kókó ọ̀hún á sì máa dàgbà. Nígbà tí irú wọn bá fi dé ọ̀dọ̀ wa, wọ́n ti rù, inú ti wú, ìgbẹ́ kò jáde mọ́. Àwọn ẹbí á ní jẹ̀díjẹ̀dí ló di jẹjẹrẹ. Rárá o! Jẹ̀díjẹ̀dí kì í di jẹjẹrẹ. Ohun mìíràn ni láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò kàn wò ó ni.

Ẹ má sì sọ pé ọjọ́ orí yín kò tíì tó. Chadwick Boseman, òṣèré ará Amẹ́ríkà, ọmọ ọdún 43 ni nígbà tí jẹjẹrẹ ìfun ńlá yìí pa á lọ́dún 2020.

Ní ti èyí tí wọ́n fi ọtí rẹ, ẹ ń wakọ̀, èrò ń bẹ lẹ́yìn yín. Ṣé ó tún yẹ kí n sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ?

Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ wa, a ó bi yín bóyá ẹ̀jẹ̀ pupa ló ń kán lẹ́yìn ìgbẹ́, àbí ó pò mọ́ ọn, àbí ìgbẹ́ náà dúdú kirikiri tó sì ń rùn burúkú. Èyí tó dúdú bẹ́ẹ̀, láti òkè ló sábà ti ń bọ̀. Ó lè jẹ́ ọgbẹ́ inú, pàápàá fún ẹni tó ń gbé oògùn ara ríro mì lójoojúmọ́. A ó wo PCV yín, ìyẹn àyẹ̀wò tó ń fi hàn bóyá ẹ̀jẹ̀ yín ti dín kù. Ẹ ó fi ẹ̀gbẹ́ òsì dùbúlẹ̀, ẹ ó ká orúnkún sókè, dókítà á wọ ìbọ̀wọ́, á fi jẹ́ẹ̀lì sí ìka, á yẹ inú ìdí wò. Kì í pẹ́ rárá. Bí ojú bá ń tì yín, àwa ò ráyè ojú títì, èrò pọ̀ níta.

Colonoscopy, tí ẹ pè ní kámẹ́rà ìdí, kì í ṣe iṣẹ́ abẹ. Ọjọ́ tó ṣáájú rẹ̀ ló nira: nǹkan olómi nìkan lẹ ó máa mu, ẹ ó lo oògùn tí ń fọ inú, ẹ ó sì máa sáré lọ sílé ìgbọ̀nsẹ̀ títí omi gaara yóò fi máa jáde. Ẹ má yọ́ ẹ̀wà jẹ o! Bí ìgbẹ́ bá ṣì wà níbẹ̀, a ò ní rí nǹkan kan, ẹ ó sì tún owó san. Lọ́jọ́ kejì, a ó gún yín ní abẹ́rẹ́ tí yóò mú yín tòògbé, a ó sì máa wo inú ìfun lójú ẹ̀rọ. Kókó kékeré tí a bá rí, a sábà máa ń yọ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Ó ní ewu tirẹ̀, ìfun lè lu tàbí kí ẹ̀jẹ̀ ṣàn. Kò wọ́pọ̀, a ó sì ṣàlàyé rẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ síwèé. Ẹ mú ẹnì kan dání, nítorí ẹ kò gbọdọ̀ wakọ̀ lọ́jọ́ náà.

N kò tíì rí yín, nítorí náà n kò sọ pé jẹjẹrẹ ló ń ṣe yín. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ jẹ̀díjẹ̀dí gan-an. Bó bá jẹ́ òun, omi, ẹ̀fọ́ àti èso tó ní háhá (fáíbà tó ń mú ìgbẹ́ rọ̀) ń ran ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́wọ́. Èyí tó bá taku, a lè fi rọ́bà kékeré so ó nídìí kó gbẹ kó já bọ́. Ìwọ̀nba ló ń dé tíátà iṣẹ́ abẹ.

Jẹ́nẹ́rà tó wà nítòsí yín ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ lọ́sẹ̀ yìí, wọ́n lè kọ lẹ́tà fún yín lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì LAUTECH níbẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹ mú ìgò àgbo náà dání, kí ẹ sì sọ gbogbo ohun tí ẹ ti mu fún wọn. Ṣùgbọ́n bí òòyì bá ń kọ́ yín, tí ẹ̀jẹ̀ bá ń ya, tàbí tí inú wú tí ẹ kò lè yàgbẹ́ tí ẹ kò sì lè só, ẹ má dúró gba lẹ́tà kankan. Ibi ìtọ́jú pàjáwìrì ni kí wọ́n gbé yín lọ tààrà.