Wọ́n mú ìyá wa nítorí gbèsè àbúrò mi

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, agbẹjọ́rò wa. Àbúrò mi ọkùnrin jẹ gbèsè sìmẹ́ǹtì. Ọlọ́pàá wá a délé, wọn ò bá a, ni wọ́n bá mú ìyá wa. Láti ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n ti tì wọ́n mọ́lé. Wọ́n ní kí n mú owó béèlì wá. Kí ni kí n ṣe? — Àkọ́bí, Ọ̀yọ́.

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́, Àkọ́bí. Òfin Ọlọ́pàá ti 2020 sọ ọ́ gbangba pé wọn ò gbọdọ̀ mú ẹnì kan dípò ẹlòmíì. Òfin yìí kan náà ò gbà kí wọ́n mú ènìyàn nítorí gbèsè lásán; kóòtù ni ẹni tó tajà láwìn ń gbà lọ. Ọ̀rọ̀ yìí ń dùn mí. Mo ti bá irú ìyá bẹ́ẹ̀ jókòó lórí bẹ́ńṣì àgọ́ ọlọ́pàá, tí wọ́n fi ń dẹ ọmọ wọn.

Ẹni tí wọ́n bá tilẹ̀ mú lọ́nà tó tọ́, abala 35 ìwé òfin orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti 1999 ní kí wọ́n kọ ìdí rẹ̀ fún un láàárín wákàtí 24, ní èdè tó gbọ́. Bí kóòtù bá wà láàárín kìlómítà 40, ọjọ́ kan ni wọ́n ní láti fi gbé e débẹ̀. Ó lè dákẹ́ títí agbẹjọ́rò rẹ̀ yóò fi dé.

Ẹ lọ bá DPO, ọ̀gá àgọ́ ọlọ́pàá náà, lónìí. Ẹ mú oògùn ìyá dání bí wọ́n bá ń lò ó, kí ẹ sì kọ orúkọ ọlọ́pàá tó mú wọn sílẹ̀. Ẹ má san kọ́bọ̀, ọ̀fẹ́ ni béèlì ọlọ́pàá. Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ wá ọ́fíìsì Legal Aid Council, torí wọ́n ń gba ẹjọ́ ẹni tí kò lówó agbẹjọ́rò rò. Ilé ẹjọ́ gíga lè ní kí wọ́n tú ìyá sílẹ̀, kí wọ́n san owó gbà-má-bínú, kí wọ́n sì tọrọ àforíjì ní gbangba.