Tọ́ńtébù sí sípíkà kọ̀ǹpútà: báàsì dà?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Ẹnjiníà. Mo ra tọ́ńtébù tòkunbọ̀ kan torí àwọn àwo àpàlà tí bàbá mi fi sílẹ̀. Mo so ó mọ́ sípíkà kọ̀ǹpútà mi, àmọ́ ohùn ẹ̀ kéré gan-an, kò ní báàsì, ó tún ń kùn. Ṣé kí n lọ ra amplifier ńlá ni?

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ì náwó yẹn o. Sípíkà kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń ki bọ iná ti ní amplifier tiẹ̀ nínú, phono preamp ló kù, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré tó ń tún ohùn tọ́ńtébù ṣe kó tó dé sípíkà. Iná tí abẹ́rẹ́ ń gbé jáde lára àwo ò ju bíi mílífóòtì 3 sí 5 lọ, sípíkà yín sì ń retí bíi 300 ó kéré tán, ìdí nìyẹn tí ohùn ẹ̀ fi kéré.

Ti báàsì tún yàtọ̀. Tí wọ́n bá ń gé àwo, wọ́n máa ń mọ̀ọ́mọ̀ dín báàsì kù torí ó máa ń jẹ́ kí ojú ìlà fẹ̀ jù tí orin ò sì ní gba ojú àwo mọ́, wọ́n á wá gbé ohùn wẹ́wẹ́ sókè kó lè borí ariwo abẹ́rẹ́. RIAA ni wọ́n ń pe ètò yẹn, àtọdún 1954 ló ti wà, preamp ló sì ń dá gbogbo ẹ̀ padà sí bó ṣe yẹ. Ìyẹn ni ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ṣe ń ta yín létí báyìí, tí agídìgbo tó gbé orin ró ò sì dún.

Ẹ wo ẹ̀yìn tọ́ńtébù yẹn dáadáa. Tẹ́ ẹ bá rí súwíìṣì PHONO/LINE, preamp ti wà nínú ẹ̀ nìyẹn, ẹ tì í sí LINE, kẹ́ ẹ lo wáyà tó ní ẹnu RCA méjì, pupa àti funfun, lápá kan, tó ní jáàkì bíi ti ía-písì lápá kejì. Tí ò bá sí, ẹ ra preamp kékeré tí wọ́n kọ MM (irú abẹ́rẹ́ tó wọ́pọ̀ jù) sí, ẹ fi sáàárín tọ́ńtébù àti sípíkà. Ẹ má lo preamp méjì pọ̀ o, ohùn á fọ́. Ẹ má sì ki tọ́ńtébù bọ ojú máìkì kọ̀ǹpútà, ohùn lè pọ̀ níbẹ̀ lóòótọ́ àmọ́ báàsì ò ní padà.

Ti kíkùn yẹn, ẹ wá wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó dá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ RCA, ẹnu ẹ̀ máa ń là bíi fọ́ọ̀kì. Àwọn kan máa ń gé e sọnù, kò dáa rárá. Abẹ́ nọ́ọ̀tì GND (ìyẹn ground, ti áàtì) lára preamp ni kẹ́ ẹ dè é mọ́.

Tó bá jẹ́ Amẹ́ríkà ni tọ́ńtébù yín ti wá, ẹ wò ó bóyá 120V ni wọ́n kọ sí i, torí 230V tiwa á jó o, àfi kẹ́ ẹ lo step-down, ẹ̀rọ tó ń dín iná kù. Pẹ̀lú ẹ̀ náà, mọ́tò àwọn ògbólógbòó kan á máa falẹ̀ torí iná 60 Hz ni wọ́n ṣe é fún, tiwa sì jẹ́ 50, olórin á wá máa wọ́ ohùn nílẹ̀.

Tí sípíkà yín bá ní wúfà, ìyẹn sípíkà báàsì, ilẹ̀ ni kẹ́ ẹ gbé e sí, kó má bá tọ́ńtébù jókòó sórí tábìlì kan náà.