Tíṣà Gẹ̀ẹ́sì tó ń bọ̀ wá sí Àjàṣẹ́

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, mà. Iléèwé àdáni kan ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo, ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀) fẹ́ kí n wá máa kọ́ àwọn ọmọ ní Gẹ̀ẹ́sì. Mi ò gbọ́ Faransé rárá. Ṣé Yorùbá á tó mi? (Tíṣà, Ìlaròó)

Ìdáhùn: Àbúrò mi, Yorùbá á bá ọ ra ata lọ́jà Wàńdò, á sì bá ọ wá yàrá. Ṣùgbọ́n èdè Gùn lo máa gbọ́ lẹ́nu ọ̀pọ̀ aládùúgbò, Faransé sì ni ìpàdé olùkọ́. Tètè kọ́ òǹkà Faransé, torí òun lo máa fi ná owó ọ̀kadà.

Owó oṣù gan-an ló ń kọ mí lóminú. Ọ̀pọ̀ iléèwé àdáni níbí, iye wákàtí tí tíṣà bá fi kọ́ ọmọ ni wọ́n ń san. Bí ọlidé bá dé, owó dákẹ́ nìyẹn, onílé ò sì ní dákẹ́! Bi wọ́n ní iye wákàtí lọ́sẹ̀, bi wọ́n nípa oṣù keje àti ìkẹjọ, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Orí 20 ni wọ́n ti ń gba máàkì, kì í ṣe 100. Ọmọ tó gba 12 ti gbìyànjú. Má fojú burúkú wò ó.

Ọmọ ECOWAS ni ọ́, o lè wọlé láìgba físà fún 90 ọjọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ìwé ìgbélùú ṣe dandan. Ẹni tó bá ní “Yorùbá kan náà ni wá, kò nílò” kọ́ ni wọ́n máa bi ní ìbéèrè.