Ìyàwó sójà tó ń lọ sí Hawaii, parí ti Texas ní Texas

Àbúrò mi, kú ìpalẹ̀mọ́ o. Mo fara balẹ̀ ka ìbéèrè rẹ. Ọ́dà ìgbésípò ọkọ rẹ ti jáde láti Killeen ní Texas lọ sí Schofield Barracks, bárékè ológun kan ní erékùṣù Oahu ní Hawaii. Ọmọ méjì ló wà lọ́wọ́ yín, Ìbàdàn lo sì ti bí èyí ẹ̀gbọ́n. Nọ́ọ̀sì ni ọ́, ẹ ní ajá kan, sájẹ́ǹtì lọkọ rẹ, ó sì ń sọ pé kí òun ṣíwájú, kí ìwọ àtàwọn ọmọ tẹ̀lé òun tó bá yá. O wá ní kí ẹni tó ti gbébẹ̀ rí sọ ohun tí o máa dì sínú ẹrù fún ọ.

Mo gbébẹ̀. Ọkọ mi wà ní Dífíṣọ̀n 25, ẹgbẹ́ ọmọ ogun tó fi Schofield ṣe ibùjókòó, àwọn ọmọ mi sì lọ sílé ìwé níbẹ̀. Ìwé ló máa dà ọ́ láàmú ju ẹrù lọ, ìwé àti ìdánìkanwà. Gbogbo ohun tó jẹ́ pé orí ilẹ̀ ńlá Amẹ́ríkà ló ti rọrùn láti ṣe, parí rẹ̀ kí o tó wọ bàlúù. Nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà lórí òkun ló wà láàárín Honolulu àti Los Angeles, Texas ṣì wà níwájú, o sì mọ iye tí wọ́n ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ẹni mẹ́rin.

Àyẹ̀wò ìlera ni kí o kọ́kọ́ dojú kọ. Ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà ni Hawaii lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn ológun kà á mọ́ òkèèrè, nítorí náà àwọn EFMP (ètò ológun fún ìdílé tí ẹnì kan nínú wọn nílò ìtọ́jú àkànṣe) ní ilé ìwòsàn bárékè yín gbọ́dọ̀ yẹ ìwọ àtàwọn ọmọ wò kí wọ́n tó fọwọ́ sí i pé kí ẹ bá bàbá wọn lọ. Mo mọ bí àwa Yorùbá ṣe máa ń bo àìsàn ọmọ mọ́ra kí ayé má baà gbọ́. Jọ̀ọ́, má ṣe é níbí. Bí ọmọ bá ní fòníkú-fọ̀ladìde, bó bá ní àsíímà, bí olùkọ́ rẹ̀ bá ti sọ pé kò tètè sọ̀rọ̀ bí ẹgbẹ́ rẹ̀, jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀ ni bóyá dókítà irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wà lórí erékùṣù náà. Tripler, ilé ìwòsàn ológun aláwọ̀ pínkì tó wà lórí òkè Moanalua, ni gbogbo wa ń sá lọ bí ọ̀rọ̀ bá le. Mo mọ ìyá kan tó bo ti ọmọ tirẹ̀ ní gbogbo àsìkò àyẹ̀wò. Ìrora ọmọ ló tú àṣírí náà lóru ọjọ́ kan, níwájú àwọn dókítà tí kò ní ìwé kankan nípa rẹ̀ lọ́wọ́. N kò fẹ́ kí o rí irú òru bẹ́ẹ̀.

Ti ọmọ tí o bí ní Ìbàdàn tún lọ́tọ̀. Ilé ìwé ní Hawaii ń béèrè ìwé tó fi hàn pé ọmọ kò ní ikọ́ ẹ̀gbẹ. Bó bá ti gba BCG, abẹ́rẹ́ àjẹsára ikọ́ ẹ̀gbẹ, nílé, àyẹ̀wò tí wọ́n máa ń gún sí awọ apá lè wú, bí kò tilẹ̀ ní àìsàn kankan. Wọ́n á ní kó lọ ya X-ray, ẹgbẹ́ rẹ̀ á ti wà ní kíláàsì, òun á ṣì wà nílé. Sọ fún dókítà yín ní Killeen pé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lo fẹ́, torí BCG kì í da ìyẹn rú. Gba èsì rẹ̀ pẹ̀lú káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára, kí o kó wọn sínú báàgì ọwọ́, má kó wọn sínú kọ̀nténà láé. Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹjọ ni wọ́n ń wọlé níbẹ̀. Ọmọ tí kò bá sì tíì pé ọdún 5 ní ọjọ́ 31 oṣù keje, kò lè bẹ̀rẹ̀ kindergarten lọ́dún náà.

Wo páspọ́ọ̀tù Nàìjíríà gbogbo yín lónìí. Bí èyíkéyìí bá ń sún mọ́ àtiparí, Atlanta, New York àti Washington ni àwọn ọ́fíìsì ìjọba Nàìjíríà wà, kò sí ọ̀kankan ní Hawaii. Bí green card ni ìwọ ṣì ń lò, ọjọ́ 10 ni òfin fún ọ láti sọ àdírẹ́sì tuntun fún USCIS, àjọ tó ń bójú tó ìwé àwọn àjòjì ní Amẹ́ríkà, lẹ́yìn tí o bá kó. Bí ìwé kan bá sì ń lọ lọ́wọ́ lọ́dọ̀ wọn, rí i pé o yí àdírẹ́sì orí ìwé náà gan-an padà. Má gbára lé póòsì pé wọ́n á bá ọ darí lẹ́tà. Ẹnikẹ́ni tó bá sọ fún ọ pé Hawaii á jẹ́ kí o tètè di ọmọ Amẹ́ríkà nítorí pé ọkọ rẹ ń ṣiṣẹ́ lókèèrè, kò mọ̀ ọ́n. Àwọn tí ọkọ wọn ń lọ sí orílẹ̀-èdè mìíràn ni ètò yẹn wà fún.

Èyí tí mo fẹ́ kí o fi sọ́kàn jù ni pé ọkọ rẹ kò ní wà nílé tó bí o ṣe rò. Gbogbo agbègbè Pàsífíìkì ni ibi iṣẹ́ Dífíṣọ̀n 25. Wọ́n á lọ ṣe ìdánrawò ní Pohakuloa ní Big Island, wọ́n á lọ sí Philippines, wọ́n á lọ sí Thailand, wọ́n á lọ sí Indonesia. Ìgbà tí ẹrù yín bá gúnlẹ̀, tàbí tí wọ́n bá pè yín pé ilé ti ṣí sílẹ̀, ó lè jẹ́ pé ìwọ nìkan ló wà nílẹ̀. Nítorí náà, kí ẹ tó kúrò ní Texas, ẹ jọ lọ sí ọ́fíìsì agbẹjọ́rò bárékè, kí ọkọ rẹ fọwọ́ sí power of attorney fún ọ, ìyẹn ìwé tó fún ọ láṣẹ láti ṣe nǹkan lórúkọ rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni. Má jẹ́ kí wọ́n fún ọ ní gbogbogbòò nìkan. Ní kí wọ́n dárúkọ nǹkan kọ̀ọ̀kan: gbígba ilé, gbígba ẹrù, gbígba mọ́tò, ọ̀rọ̀ báǹkì.

Ọjọ́ tí mo lọ gba mọ́tò wa, ọkọ mi wà nínú igbó. Akọ̀wé náà gba ìwé mi, ó fi ìka tẹ̀ lé nọ́ńbà mọ́tò lórí ìwé náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó yíjú sí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó tún padà sórí ìwé, ó ní kí n fọwọ́ síbẹ̀, ó na kọ́kọ́rọ́ sí mi. Ìyàwó sójà tó tò sẹ́yìn mi ní ìwé tirẹ̀, òǹtẹ̀ wà lórí rẹ̀, ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n kò síbi tí wọ́n ti dárúkọ mọ́tò. Wọ́n dá a padà.

Mọ́tò kan ṣoṣo ni ìjọba ń gbé. Ẹ má jẹ́ kí epo inú rẹ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́rin táńkì lọ, ẹ má kó ẹrù sínú rẹ̀, bí ẹ bá sì ṣì ń san owó rẹ̀ fún báǹkì, ẹ gba lẹ́tà àṣẹ lọ́wọ́ wọn. Lẹ́tà yẹn máa ń pẹ́.

Ajá yín, ẹ bẹ̀rẹ̀ lónìí. Kò sí dìgbòlugi ní Hawaii, wọ́n sì ń ṣọ́ ọ gidigidi kó má baà wọlé. Ajá gbọ́dọ̀ ní máíkíróṣíìpù lára, kó ti gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi méjì tí ó kéré tán ọjọ́ 30 wà láàárín wọn, kí dókítà ẹranko gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ránṣẹ́ fún àyẹ̀wò FAVN, tó ń fi hàn bóyá abẹ́rẹ́ náà ṣiṣẹ́, kí ọjọ́ 30 sì kọjá lẹ́yìn tí ẹ̀jẹ̀ náà dé ilé àyẹ̀wò kí ajá tó gúnlẹ̀. Ìwé rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣáájú yín dé Honolulu, ó kéré tán ọjọ́ 10. Bí gbogbo rẹ̀ bá pé, ẹ ó gbà á ní pápákọ̀ òfurufú lọ́jọ́ tí ẹ dé. Bí kò bá pé, àhámọ́ tó lè tó ọjọ́ 120 ló ń lọ. Ẹ tọ́jú rìsíìtì, torí láti 2024 ìjọba lè dá owó tó tó dọ́là 2,000 padà lórí ìrìnnà ajá tàbí ológbò kan.

Ẹrù wá kàn. Pọ́ùn 9,000 ni ìjọba ń gbé fún E-5, ìyẹn sájẹ́ǹtì bíi ọkọ rẹ, tó ní ìdílé. Ìwé nọ́ọ̀sì àti ohun èlò iṣẹ́ tìrẹ lè gba pọ́ùn 500 lọ́tọ̀, bí o bá sọ fún wọn kí wọ́n tó wọ̀n ọ́n. Ẹrù díẹ̀ wà tó máa ń ṣáájú kọ̀nténà dé. Ìkòkò, bẹ́ẹ̀dì àwọn ọmọ àti aṣọ ilé ìwé ni kí ẹ fi síbẹ̀. Fi ewúro inú ìkòkò sílẹ̀ fún ọ̀rẹ́, wọn kì í jẹ́ kí erùpẹ̀ wọ Hawaii. Kí ẹ fọ odó àti ṣọ́bìrì mọ́ tónítóní pẹ̀lú. Schofield wà lókè, òjò máa ń rọ̀, ọ̀rinrin pọ̀. Aṣọ òkè tí o bá dì mọ́ àpótí á bu, nǹkan funfun á hù sára bàtà awọ. Gbé aṣọ òkè tó ṣọ̀wọ́n fún màmá rẹ.

Ní ti oúnjẹ, fọkàn balẹ̀. Lọ sí Waipahu. Àwọn ará Philippines pọ̀ níbẹ̀, wọ́n sì ń ta ewé kan tí wọ́n ń pè ní saluyot, ewédú wa gan-an ni. Mo já ewé kan, mo fi ìka rà á, ó yọ̀ mọ́ mi lọ́wọ́. Inú mi dùn débi pé mo rà ju ohun tí a lè jẹ tán lọ. Kókò wà, mòríńgà wà, ejìnrìn wà. Èlùbọ́, ẹ̀gúsí àti irú ni kí o máa retí láti Houston, kí ẹni tó bá fẹ́ fi ránṣẹ́ lo páálí flat rate ti USPS, iléeṣẹ́ póòsì Amẹ́ríkà, torí owó tí wọ́n ń gbà dé Dallas náà ni wọ́n ń gbà dé Hawaii. Wàrà, ẹyin àti ẹran, commissary, ilé ìtajà oúnjẹ inú bárékè, ni o. Níta bárékè, oúnjẹ gan-an ni wọ́n ń gba owó orí lé.

Owó hótẹ́ẹ̀lì tí ẹ ó kọ́kọ́ wọ̀, ẹ̀yin lẹ máa san án ná kí ìjọba tó dá a padà, nítorí náà ẹ jẹ́ kí àyè wà lórí káàdì yín. Sọ fún àwọn ọmọ ṣáájú pé fèrè ìkìlọ̀ ńlá máa ń ké ní aago 11:45 àárọ̀, ọjọ́ iṣẹ́ àkọ́kọ́ lóṣooṣù. Wọ́n kàn ń dán an wò ni. Síbẹ̀, kó oúnjẹ àti omi tó lè tó ọ̀sẹ̀ méjì pa mọ́, torí láti oṣù kẹfà dé oṣù kọkànlá ni àkókò ìjì líle.

Láísẹ́nsì Texas rẹ kò ṣòfò. Ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ bíi Tripler ń gba láísẹ́nsì ìpínlẹ̀ èyíkéyìí, òfin kan tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù kìíní 2023 sì jẹ́ kí ìyàwó sójà lè bẹ̀bẹ̀ láti lo tirẹ̀ ní ìpínlẹ̀ tí ọ́dà gbé wọn lọ. Kọ̀wé sí ìgbìmọ̀ àwọn nọ́ọ̀sì ní Hawaii báyìí. Kí o sì forúkọ àwọn ọmọ sílẹ̀ fún ibi ìtọ́jú ọmọ tó wà ní bárékè lọ́jọ́ tí ọ́dà bá ti wà lọ́wọ́ yín, torí ìlà ibẹ̀ gùn.

Ní ti pé kí ọkọ rẹ ṣíwájú: bí wọ́n bá ti fọwọ́ sí i pé kí ẹ jọ lọ, ẹ jọ lọ. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ yẹn ni ọ̀gá rẹ̀ máa ń fún un láyè láti wá ilé àti ilé ìwé. Bí ẹ bá tẹ̀lé e lẹ́yìn oṣù méjì, àyè yẹn ti lọ, ó sì lè jẹ́ pé Thailand ló wà nígbà tí bàlúù yín bá balẹ̀. Bí ìwé EFMP bá ń pẹ́ nìkan ni mo máa gbà pé kó ṣíwájú, kó má sì jáde nílé láìfọwọ́ sí power of attorney náà.