Ṣé ó yẹ ká san owó amọ̀nà ní ilé baba àwọn ọmọ wa?

Ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi, Manchester ni èmi, ọkọ mi àti àwọn ìbejì wa ń gbé, ọkùnrin kan, obìnrin kan. Wọ́n máa tó pé ọmọ ọdún méjìlá. Ọmọ Àkúrẹ́ ni ọkọ mi, Ìjẹ̀bú ni wọ́n bí èmi sí. A fẹ́ kó wọn lọ sílé nígbà ìsinmi ilé-ìwé tó ń bọ̀, ṣùgbọ́n a ò fẹ́ kó jẹ́ ti Èkó, òde ìgbéyàwó àti ìrìn ọjà nìkan. A rí àwọn kan tó ń mú èèyàn lọ síbi tí èrò kì í sábà dé: ihò àpáta kan ní Ìsarun, Òkè Ìdànrè, Ọ̀wọ̀, Oǹdó. Àwọn olùkọ́ yunifásítì ló ń bá wọn ṣàlàyé. Owó rẹ̀ ò kéré rárá. Àwọn ẹbí ọkọ mi ní kí la fẹ́ fi amọ̀nà ṣe nígbà tí àwọn wà níbẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe irú ẹ̀ rí, ṣé ká san owó yìí?

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o. Ẹ san owó náà. Mo fi ìyẹn ṣáájú, kí ọ̀rọ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn má bàa dà bíi pé mo ń fa ẹsẹ̀ yín sẹ́yìn.

Leeds ni èmi ń gbé. Àkúrẹ́ ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, nítòsí Ọjà Ọba, ṣùgbọ́n Ìdànrè ni ilé bàbá mi. Àwọn ọmọ mi méjèèjì ni mo kó lọ, obìnrin tó ti ń sún mọ́ ọdún mẹ́rìnlá nígbà náà, àti àbúrò rẹ̀ ọkùnrin. Ọkọ mi ò rí ààyè gbà níbi iṣẹ́, èmi nìkan ni mo dá wọn kó. Àwa náà gba amọ̀nà: olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì, tó ti fi ìdajì ayé rẹ̀ kọ́ni nípa ìtàn àti nǹkan ayé àtijọ́. Apá Ìwó ni wọ́n bí i sí. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Mi ò ní ẹ̀sùn kankan láti kà sí i lẹ́sẹ̀. Lọ́jọ́ tó mú wa dé Ihò Eléérú ní Ìsarun, èmi gan-an ni mo di ọmọ ilé-ìwé. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ orúkọ Ìsarun, èrò mi ni pé oko ni gbogbo ibẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi rí pé ní 1965, awalẹ̀pìtàn Thurstan Shaw àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ hú egungun èèyàn jáde nínú ihò àpáta kan nínú igbó ibẹ̀, pé egungun náà ti lé ní 11,000 ọdún, àti pé agbárí rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ jọ tèmi tiyín. Ó gùn, ó sì rẹlẹ̀, bíi ti àwọn tó ti gbé ayé tipẹ́tipẹ́ ṣáájú ìgbà tirẹ̀. Nígbà tí àwọn onímọ̀ tún un yẹ̀ wò tí wọ́n sì kọ̀wé lé e lórí ní 2011, ó ṣì ń yà wọ́n lẹ́nu. Olùkọ́ wa lóṣòó sílẹ̀, ó fi igi ya bí erùpẹ̀ ṣe to léra sórí ilẹ̀, ó ń fi ibi tí eérú wà han ọmọ mi, ó ń fi ibi tí wọ́n ti rí àwọn òkúta wẹ́wẹ́ tí wọ́n fi ń gé nǹkan hàn án. Ọmọ tí kì í gbójú kúrò lára fóònù wá béèrè pé kí ni wọ́n ń jẹ nígbà náà. Wọ́n sọ ọ́ sọ ọ́ títí tí ebi fi ń pa èmi. Ká ní ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń dáko lápá ibẹ̀ ni mo fà á lé lọ́wọ́, ohun tó máa sọ ni pé ibi tí àwọn ọdẹ máa ń sá òjò sí nìyẹn, ẹ jẹ́ ká máa lọ. Kò purọ́ o! Ṣùgbọ́n ọmọ ò ní béèrè ìbéèrè kejì.

Bí ẹ bá ń lọ síbẹ̀, ẹ wọ bàtà tó bo ọrùn ẹsẹ̀, nítorí inú igbó àti oko lẹ máa gbà. Kí ẹ sì kọ́kọ́ lọ kí àwọn àgbà Ìsarun. Ọmọ ibẹ̀ ló gbọ́dọ̀ ṣíwájú yín, ohun yòówù kí olùkọ́ yín mọ̀.

Ìdànrè ni ọ̀rọ̀ wà.

Àárọ̀ kùtù la gun òkè, kí oòrùn tó mú. Àtẹ̀gùn ibẹ̀ lé ní 600, èyí ọkùnrin ń kà á títí ó fi ṣì í kà, ó sì bínú jókòó. Lókè, olùkọ́ mú wọn wo ààfin àtijọ́ Ọwá, ọba Ìdànrè, ilé ẹjọ́ ayé ìgbà náà, àti ojú ẹsẹ̀ Agbóògùn lára àpáta, tí wọ́n ní ó máa ń gba ẹsẹ̀ gbogbo èèyàn àyàfi ti àjẹ́. Àwọn ọmọ mi ti ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, ó gbà wọ́n, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ó sọ fún wọn pé láti 2007 ni òkè náà ti wà nínú ìwé àwọn ibi tí Nàìjíríà fẹ́ kí UNESCO gbà wọlé. Ó sọ bí gbogbo ìlú ṣe ń gbé lókè yẹn kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ wá tẹ̀dó sí ìsàlẹ̀ ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn. Bàbá bàbá mi wà lára àwọn ọmọdé tí wọ́n pọ̀n sọ̀ kalẹ̀. Èmi ló yẹ kí n sọ ìyẹn fún àwọn ọmọ, mo sì sọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn olùkọ́ ni mo ti sọ ọ́, bí ẹni ń fi èènì sí ọjà ọlọ́jà.

Láti orí òkè, a kọjá sí Odòde, sí ilé bàbá mi. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá Odòde, ti ń retí wa láti àárọ̀. Ọkọ̀ kan náà la jọ gbé, bẹ́ẹ̀ ni olùkọ́ bá wa wọlé. Ṣé kí n fi àgbàlagbà sílẹ̀ sínú oòrùn ni?

Èyí obìnrin kúnlẹ̀, àbúrò rẹ̀ dọ̀bálẹ̀, bí mo ṣe kọ́ wọn. Màmá fa ẹ̀gbọ́n mọ́ra, ó gbé ọwọ́ lé e lórí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kì í. Kì í ṣe irú oríkì tí wọ́n ń kì lóde ayẹyẹ nítorí owó. Èdè Ìdànrè pọ́ńbélé ni, ó ń dárúkọ àwọn tó ti kú kí wọ́n tó bí bàbá mi, ó ń dárúkọ orí òkè tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ti sọ̀. Ohùn rẹ̀ ti ń gbọ̀n. Ọmọ mi yíjú kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, ó fo èmi náà, ó wo olùkọ́, ó fi Gẹ̀ẹ́sì béèrè pé kí ni wọ́n ń sọ.

Ọmọ náà ò ṣe nǹkan kan. Látìgbà tí a ti bẹ̀rẹ̀ ìrìn yẹn, ohunkóhun tó bá ṣòro fún un, ọ̀dọ̀ ọkùnrin yẹn la ní kó béèrè rẹ̀. Olùkọ́ rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní wọ́n ń ṣàdúrà fún ọ ni. Èdè Ìdànrè ò yé e. Yorùbá tirẹ̀ mọ́ gaara bíi ti àwọn tó ń ka ìròyìn, ṣùgbọ́n kò gbọ́ ohun tí Màmá ń sọ, ojú sì ti í láti sọ bẹ́ẹ̀ níwájú ọmọ.

Màmá ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, àmọ́ ojú rẹ̀ ń ríran. Ó dákẹ́. Ó bi mí pé, “Ta ni bàbá yìí?” Mo ní olùkọ́ àgbà ni wọ́n, àwọn ló ń sọ ìtàn Ìdànrè fún àwọn ọmọ. “Ọmọ ibo ni wọ́n?” Mo ní apá Ìwó. “Owó lẹ san fún wọn?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Mà. Ó ní, “Ó dáa. Kí wọ́n máa bá a lọ.” Ó gbé ọwọ́ kúrò lórí ọmọ, ó dìde, ó lọ gbé oúnjẹ.

Olùkọ́ ló bu ẹran tó tóbi jù fún. Iyán, ẹ̀gúsí, ẹran ìgbẹ́, kò sí ohun tó ṣẹ́kù tí kò gbé síwájú rẹ̀. Ọkùnrin náà jẹun, ó yin ọwọ́ Màmá, ó wá béèrè bí wọ́n ṣe ń ṣe ọdún Orósùn nígbà tí Màmá wà lọ́mọdé. Màmá ní òun ti darúgbó, òun ò rántí mọ́. Màmá yìí, tó lè sọ irú ìró tí aládùúgbò rẹ̀ ró lọ́jọ́ tí wọ́n sọ mí lórúkọ!

Láti ìgbà náà, bí a bá pè é lórí WhatsApp, á kí wa dáadáa, á béèrè bí òtútù ṣe rí, á ṣàdúrà. Bí mo bá wá ní kó ki àwọn ọmọ fún mi, á rẹ́rìn-ín, á ní, “Ọ̀gá yín ò sí ńlé ni?” Ọkọ mi ní àwàdà ni. Ọmọ Ìbàdàn ni ọkọ mi, kò mọ àwàdà ilé wa. Ọmọ mi obìnrin náà ti bi mí pé kí ni Màmá sọ lórí òun lọ́jọ́ náà gan-an. Mo sọ ìdajì tó yé mi fún un. Ìdajì tó kù, mo ní màá béèrè. Mi ò tíì rí i béèrè.

Àwọn kan máa ka ibi yìí, wọ́n á ní ká ní mo sọ Yorùbá fún ọmọ mi ni. Mo ti gbọ́ ọ. Iṣẹ́ òru ni mò ń ṣe nígbà tí wọ́n kéré, ẹni tó ń bá mi tọ́jú wọn ò gbọ́ ju Gẹ̀ẹ́sì lọ. Èyí obìnrin pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀, nọ́ọ̀sì tó ń wá wò ó nílé ní ká mú èdè kan, ká fi èkejì sílẹ̀. Ọmọ àkọ́bí ni, ẹ̀rù bà wá, a gbọ́ tirẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ilé tí àwọn ọmọ yín ń dá yín lóhùn ní Gẹ̀ẹ́sì, ẹ má wá kọ́ mi. Ohun tó ń dùn mí yàtọ̀ sí ìyẹn. Ká ní èmi lọmọ náà wò lọ́jọ́ yẹn dípò olùkọ́, kí ni mo fẹ́ túmọ̀ fún un?

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká padà sí tiyín. Àkúrẹ́ fúnra rẹ̀, ẹ fi lé ẹbí lọ́wọ́. Ààfin Dejì ti àtijọ́ àti àwọn àgbàlá rẹ̀, Ọjà Ọba lódìkejì, ẹnì kan nínú ẹbí ọkọ yín á mọ ẹni tó máa mú yín wọlé. Kí ẹbí ló kọ́kọ́ rí àwọn ìbejì, kí wọ́n kì wọ́n tẹ́rùn, kí wọ́n jẹun lọ́dọ̀ wọn, kí olùkọ́ kankan tó yọjú. Ọkọ yín ni kí ó sọ ọ̀rọ̀ amọ̀nà fún wọn o. Ìyàwó ilé ni yín. Bí nǹkan bá yíwọ́, wọn ò ní sọ pé ọmọ àwọn ló kó àlejò wálé, wọ́n á ní ìyàwó Ìjẹ̀bú ni. Bí ẹ bá sì lè fi ọmọ ẹbí kan tó jẹ́ ẹgbẹ́ àwọn ìbejì sínú ọkọ̀, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀, kódà bí ẹ máa san owó tirẹ̀.

Ní Oǹdó, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fo ọ̀rọ̀ Lóbùn, obìnrin tó jẹ́ olórí ọjà, tí ọwọ́ rẹ̀ sì wà nínú fífi Òṣemàwé, ọba Oǹdó, jẹ. Ìtàn wọn náà ló sọ pé obìnrin ni ọba wọn àkọ́kọ́, Pùpùpù, àti pé ìbejì ni. Inú àwọn tiyín á dùn sí ìyẹn.

Ọ̀wọ̀ ló máa ń bí mi nínú. Oṣù Kẹsàn-án ni ọdún Igogo máa ń bọ́ sí, ọjọ́ 17 gbáko. Kò sí gèlè, kò sí fìlà, kò sí ìlù, agogo ni wọ́n ń lù, Ọlọ́wọ̀ fúnra rẹ̀ á dirun, á sì múra bí obìnrin. Ohun tó yẹ kí ọmọ fojú rí nìyẹn, àmọ́ ilé-ìwé ti wọlé níbí nígbà náà, ìtanràn sì wà fún òbí tó bá yọ ọmọ kúrò nílé-ìwé. Ẹ bá olórí ilé-ìwé yín sọ̀rọ̀, bóyá tiyín á gbọ́ tiyín. Bí kò bá ṣeé ṣe, ẹ ní kí wọ́n sọ ti àwọn ère amọ̀ tí awalẹ̀pìtàn Ekpo Eyo hú ní Igbó Lájà láàárín 1969 sí 1971. Àwọn olùkọ́ wọ̀nyí máa ń sọ ìyẹn dáadáa.

Ẹ má rìn lálẹ́. Bàálù máa ń gbéra láti Èkó lọ sí Àkúrẹ́, ẹ wọ̀ ọ́ bí agbára bá ká a. Bí ọ̀nà ṣe rí lọ́sẹ̀ tí ẹ bá dé, àwọn tó wà nílé ló mọ̀ ọ́n, èmi ò mọ̀ ọ́n láti Leeds. Oògùn ibà, ẹ bi dókítà yín.

Tí ẹ bá ti ra tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ jọ̀ọ́ ẹ kọ̀wé sí mi. Ẹrù kékeré kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi gbé lọ sí Odòde, òróró ìfipara fún orúnkún àti súwẹ́tà kan, kò tó kílò méjì. Màmá fẹ́ràn ìbejì gan-an. Kí àwọn ọmọ fúnra wọn gbé e fún un, kí olùkọ́ yín sì dúró dè yín ní òtẹ́ẹ̀lì lọ́jọ́ náà.